Ẹ Má Kọ Ìdáhùn Fún Ọmọ Mọ́: Lẹ́tà sí Àwọn Òbí Yorùbá ní Ìlú Ọba

Sí gbogbo òbí ọmọ Yorùbá ní Britain tí ọmọ wọn ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn,

Dókítà ni mí, òbí sì ni mí pẹ̀lú. Nígbà òtútù, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ tó ń gbáradì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yunifásítì, àwọn ọmọ wa ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ohun kan náà ni mò ń bá pàdé nílé púpọ̀, mi ò sì lè máa kan ilẹ̀kùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tó mọ̀wé, ọmọ tó lójú àánú, ọmọ tó ti ń bá ìyá àgbà rẹ̀ ka lẹ́tà ọsibítù láti kékeré, á jókòó síwájú mi. Màá bi í léèrè ohun tó mú un yan iṣẹ́ dókítà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọ́sórí. Ọ̀rọ̀ náà á dán, gírámà á pé, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀. Tí mo bá bi í pé ta ló kọ ọ́, á wolẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ní Houston, tàbí olùkọ́ tí ẹ sanwó fún.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má kọ ìdáhùn fún ọmọ mọ́.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yín ti wá. Púpọ̀ nínú yín ló dàgbà lábẹ́ JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní Nàìjíríà. Lọ́hùn-ún, máàkì ló ń sọ̀rọ̀ jù, ẹni tó bá há ìwé dáadáa ni ọ̀nà sábà máa ń là fún. Níhìn-ín, máàkì kàn ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Yóò ṣe ìdánwò UCAT láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, yóò fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ sí UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì, kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́rin péré ló sì lè mú. Lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn fẹ́ rí i, èèyàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Òbí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí á rò pé ìdánwò mìíràn tún ni, pé ìdáhùn kan wà níbì kan tí owó tàbí ìsapá lè rí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Britain ló ń lo irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ń pè ní MMI (Multiple Mini Interviews). Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton ní Canada ló ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 2004 sì ni àwọn tó gbé e kalẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde. Ṣáájú rẹ̀, àgbà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jókòó síwájú ọmọ fún bí ìdajì wákàtí. Bí ojú ọmọ bá wù wọ́n, ó wọlé. Bí ó bá ṣìsọ níbẹ̀rẹ̀, ìyókù á bá a lọ. Àwọn ará McMaster gé ìjókòó gbọọrọ yẹn sí wẹ́wẹ́. Ọmọ á máa lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá, kò sì ní lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á ka ìwé pélébé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Agogo á dún, á wọlé. Agogo á tún dún, á jáde, bó parí ọ̀rọ̀ ni o, bí kò parí ni. Ẹni tó ń fún un ní máàkì ní ibùdó kẹta kò mọ ohun tó ṣe ní ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹnu mọ́ èyí fún wọn, torí mo ti rí ọmọ tó ba ibùdó kan jẹ́ tó sì gbé ẹkún rẹ̀ wọ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ohun tó bá bàjẹ́ ní yàrá kan, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Oxford àti Cambridge kò bá wọn lọ sí ọ̀nà yẹn. Ní oṣù Kejìlá, àwọn olùkọ́ wọn máa ń gbé ìṣòro sáyẹ́ǹsì tàbí gíráàfù tí ọmọ kò rí rí síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó máa ro ó síta kí àwọn gbọ́. Ọmọ tó ń dákẹ́ títí ìdáhùn á fi pé lọ́kàn rẹ̀ kò ṣe ohun tí wọ́n wá wò.

Ẹ wo ètò méjèèjì dáadáa. Àkọ́sórí kò lè rọ́wọ́ mú nínú èyíkéyìí nínú wọn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè wá láti inú ìwé, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e á wá láti inú ohun tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tí gbogbo èèyàn mọ̀: kí ló dé tó fi jẹ́ dókítà, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì? Mo ti gbọ́ ọmọ tó dáhùn pé dókítà ló ń pàṣẹ, nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ń pe nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ará ìlú mọ́ àwọn tó ń fúnni ní máàkì. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni ìyá ọmọ náà gan-an, tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láàárọ̀. Ọmọ náà kò ní in lọ́kàn láti tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbọ́ nílé ló sọ. Bó bá ti bi ìyá rẹ̀ léèrè rí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lóru, ta ló kọ́kọ́ rí i pé ara aláìsàn ń yí padà, ta ló pe dókítà, kí sì ni dókítà ṣe nígbà tó dé, ì bá ti ní ìdáhùn tí kò sẹ́ni tó lè tà á fún un.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ohun tí ọmọ yín nílò ti wà nílé yín, ṣùgbọ́n ẹ ti kìlọ̀ fún un kó má gbé ọ̀rọ̀ ilé síta.

Ilé Yorùbá wo ni wọn kò tíì fi àìsàn pamọ́ fún àgbà rí? Ìyá àgbà wá láti Ìbàdàn, ara rẹ̀ kò yá, a gbé e lọ sí ọsibítù. Òun kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, bàbá wà níbi iṣẹ́, ọmọ ọdún 14 ló tẹ̀ lé e lọ. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Kí ọmọ tó yanu, fóònù ti dún láti Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ, torí pé ìbẹ̀rù ló máa pa á. Ọmọ wà láàárín dókítà tó ń retí kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà àti ẹbí tó ní kó má sọ ọ́.

Ọmọ tó ti dúró síbẹ̀ rí ti mọ ohun tí ọmọ mìíràn ń kà nínú ìwé. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń ba ẹbí, ìfẹ́ ló bí i. Ó tún rí ojú Màmá, tó mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún òun tí kò sì lè béèrè. Òfin England àti Wales, Mental Capacity Act ti ọdún 2005, gbà pé àgbàlagbà ní làákàyè láti pinnu lórí ara rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò ní in. Màmá ló ni ara rẹ̀, Màmá ló ni ìròyìn nípa rẹ̀; òun náà sì lè sọ, bó bá wù ú, pé kí wọ́n bá ọmọ òun sọ ọ́, òun kò fẹ́ gbọ́. Kò sì yẹ kí ọmọ kékeré jẹ́ ògbufọ̀ nílé ìwòsàn rárá, ìlànà NHS ni pé kí wọ́n wá ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó bá lè sọ gbogbo èyí láti inú ohun tí ojú rẹ̀ rí, láìdárúkọ Màmá, láìsọ ẹbí rẹ̀ di aláìmọ̀kan, á mú kí ẹni tó ń béèrè gbé bírò sílẹ̀ kó tẹ́tí. Ẹ gbà á láyè kó sọ ọ́. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ̀yin náà sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ fi í pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́. Òbí máa ń sáré wá dókítà tí ọmọ á tẹ̀ lé kiri wọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fojú kéré iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ọmọ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò fojú kéré e. Ọmọ tó ti bá arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan jẹun, tí arúgbó náà da tíì sí i lára, tó sì fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti rí ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí ju ọmọ tó dúró lẹ́yìn oníṣẹ́ abẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á bi í ní ohun tó rí, ohun tó ṣe, àti ohun tó yí padà nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí ìkẹyìn ni ọmọ wa sábà máa ń fò.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwà tí a kọ́ wọn, mo sì mọ̀ pé ó lè dun ẹlòmíràn. A kọ́ ọmọ wa pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú, kò sì gbọdọ̀ já àgbà ní koro. Mo fara mọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Èmi náà fi kọ́ àwọn tèmi. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, obìnrin òyìnbó tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ọmọ ń bù fún òun. Ó rò pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tàbí pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Èyí tó burú jù ni ti àríyànjiyàn. Olùbéèrè á ti ọmọ díẹ̀, láìbínú: ṣé ó dá ọ lójú? Bí aláìsàn náà bá ní òun kò fẹ́ ń kọ́? Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ wa á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, òótọ́ lẹ sọ,” á sì kó gbogbo ohun tó ti sọ dànù. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè gbèjà èrò rẹ̀. Nílé, ọmọ tó níwà ni a ó pè é.

Ilé náà ni a ti lè tún un ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ nídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 tí NHS ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń gbé ilẹ̀ yìí. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń mu sìgá máa sanwó tirẹ̀? Kí bàbá mú ìhà kan, kí ọmọ mú ìkejì. Bí ọmọ bá borí, kí bàbá gbà pé ó borí. “Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?” kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí àríyànjiyàn náà yóò fi parí. Kí ẹ sì kọ́ ọmọ ní gbólóhùn tí àgbà kò ní fi bínú: “Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ó sì mú mi ronú; síbẹ̀, ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ nìyí.”

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń fi òṣèré sínú yàrá. Ìwé ẹnu ọ̀nà lè sọ pé ìwọ lo fi mọ́tò pa ológbò aládùúgbò rẹ, kí o wọlé lọ sọ fún un. Nínú èyí, ohun tí a jogún dára ju ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé lọ, àfi nǹkan kan. Yorùbá kì í túfọ̀ ní ìdúró. A ó ní kí ẹni náà jókòó, a ó wò ó bóyá ó ti jẹun, a ó wá ẹnìkan tì í. Gbogbo èyí ni àwọn tó ń fúnni ní máàkì ń wá. Ṣùgbọ́n a tún máa ń yí ọ̀rọ̀ po: a ó ní ara Bàbá kò yá, kó múra ká lọ wò wọ́n, nígbà tí Bàbá ti kú láti àná. Ibẹ̀ lọmọ wa ti ń ṣìnà. Mo ti rí èyí tó ń tu òṣèré nínú títí agogo fi dún, tí ẹni náà kò sì mọ̀ pé ológbò òun ti kú. Kí ọmọ fi ìjókòó àti ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó yéni pé ó ti kú, kó tọrọ àforíjì, kó wá dákẹ́. Dídákẹ́ ló ṣòro jù fún ọmọ ọdún 17. Ẹ bá a fi dánra wò.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọbìnrin ọdún 15 lọ bá GP (dókítà àdúgbò), ó fẹ́ oògùn tí kò ní jẹ́ kó lóyún, ó ní kí wọ́n má sọ fún ìyá òun. Kíá lọmọ wa á dáhùn pé òun á pe ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òbí, ó yé mi. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1985 tí House of Lords ti dá ẹjọ́ Gillick, dókítà lè tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láìgba àṣẹ òbí bí ọmọ náà bá ní òye tó tó nípa ohun tó ń béèrè. Dókítà á rọ̀ ọ́ pé kó sọ fún òbí rẹ̀. Á wádìí bóyá àgbàlagbà kan ló ń lò ó, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣírí kò lè dúró. Bí wọ́n bá lé e padà, ó lè máà tún bá dókítà kankan sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ yín kò ní láti fẹ́ràn òfin yìí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Kò sì ní láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Òfin tó dá lórí oyún ṣíṣẹ́, ti ọdún 1967, fún dókítà láyè láti má lọ́wọ́ sí i bí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, àyàfi bí ẹ̀mí obìnrin náà bá wà nínú ewu tàbí bí ara rẹ̀ bá fẹ́ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. GMC, tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, ní kí irú dókítà bẹ́ẹ̀ sọ fún obìnrin náà pé ó lè lọ rí dókítà mìíràn, kó sì má fi ojú tàbí ọ̀rọ̀ dójú tì í. Ọmọ onígbàgbọ́ tó bá mọ èyí lè sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Èyí tí ẹ bá kọ́ láti purọ́ nìkan ni wọ́n á tètè rí.

Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ dókítà, ẹ má lọ jìnnà. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Liberia wá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù kan ní Ọbaléńdé, l'Ékòó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura pé Ẹ̀bólà ni. Àwọn aṣojú Liberia ń tì í pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ sí ìpàdé tó torí rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Ó kọ̀. Àìsàn náà mú òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà, èèyàn 20 péré ló sì mú. Ẹ ní kí ọmọ yín ro ó: nígbà wo ni dókítà lè dí aláìsàn lọ́wọ́ àtilọ? Ta ni ó ń dáàbò bò? Ta ló yẹ kó dáàbò bo dókítà náà? Odidi ìrọ̀lẹ́ kan á tán sórí rẹ̀.

Kó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwa náà níhìn-ín. Fòníkú-fọ̀ladìde, sickle cell, wà nínú ẹbí wa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan gbé ìròyìn No One's Listening jáde, nípa bí wọn kì í gba àwọn tó ní àìsàn náà gbọ́ nílé ìwòsàn nígbà tí ìrora bá gbé wọn dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Britain ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn tó ń ṣe àtúnṣe sí àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ fún un. Ọmọ wa tí kò gbọ́ nípa méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ jù sílẹ̀.

Nípa owó: ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn lọ́wọ́ yín fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Medical Schools Council fi ìtọ́sọ́nà lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Observe GP, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ àwọn GP ṣe láti fi iṣẹ́ wọn han ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Brighton and Sussex ṣe fún ọmọ tí kò rí ọsibítù tó máa gbà á wọlé wo iṣẹ́. Melanin Medics, àjọ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ń ran ọmọ bíi tiyín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fi “ìbéèrè ti ọdún yìí” ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́. Àwọn ọmọ tó ti ṣe é ṣèlérí pé àwọn kò ní sọ ọ́. Iṣẹ́ tí a kì í ti í tú àṣírí ni ọmọ yín sì ń wá.

Àwọn kan kò ní wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ fún ẹbí nítorí rẹ̀. Ó lè tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè ka nǹkan mìíràn kó sì gba ọ̀nà ọlọ́dún mẹ́rin tó wà fún àwọn tó ti gboyè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Láti Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, kí ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá ní gbọ̀ngàn yọ̀ǹda wákàtí mẹ́ta láàárọ̀. Kí wọ́n to àga sí igun mẹ́jọ, kí wọ́n wá agogo kan. Kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, apòògùn, olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tó ń tọ́jú arúgbó jókòó bí olùbéèrè, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwa dókítà nìkan. Kí òbí má jókòó ti ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni kó bi ní ìbéèrè. Bí ọmọ bá ti dáhùn, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwa dókítà tó wà ní Britain á wá bí ẹ bá pè wá. Gbọ̀ngàn tí ẹ ó lò ni kí ẹ kọ́kọ́ bá pásítọ̀, ìmáàmù tàbí alága yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Dókítà kan láàárín yín, London